ÀPÁTA ÀKÓKÓ ÀTI ÌTÀN TÍ Ó GUN ARA RẸ̀

Lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi, èmi kì í ṣe onímọ̀ nípa ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ìtàn kan náà ni mo rí nínú àpáta. Òfin tí a fi ń kà á rọrùn: ìpele tí ó wà nísàlẹ̀ ni àgbà, èyí tí ó wà lókè ni àbúrò. Síbẹ̀, òfin yìí kì í fìgbà gbogbo bá àwọn òkè mu.

Ní nǹkan bí mílíọ̀nù 600 ọdún sẹ́yìn, ilẹ̀ tí Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ wà lórí rẹ̀ lónìí kọlu ilẹ̀ tí ó dàgbà jù ú lọ ní ìwọ̀-oòrùn. Ilẹ̀ là, abala kan sì gun orí èkejì, gẹ́gẹ́ bí ẹní tí a tì láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣe máa ń gun ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá dé òkè Atakora, ní Tógò àti Bẹ̀nẹ̀, yóò rí i bí a ti ti ìpele lórí ìpele síhà ìwọ̀-oòrùn. Àwọn àpáta kan ní agbègbè Kara ti pé nǹkan bí bílíọ̀nù 2 ọdún, síbẹ̀ àárín àwọn tí ó kéré sí wọn ni a bá wọn.

Ipá yìí kan náà dé Àkókó. Ní tiwa, ìsàlẹ̀ jíjìn ni ó ti ṣẹlẹ̀, níbi tí ooru ti mú òkúta rọ̀; nítorí náà ni ìlà dúdú àti ìlà funfun fi ká kò lára àpáta ní Ìkàrẹ́, Àrìgìdì àti Ọ̀kà. Òjò àti afẹ́fẹ́ ti gbé orí òkè náà lọ. Gbòǹgbò rẹ̀ ni à ń wò.

Àwọn ènìyàn tí ó ń gbé orí àpáta wọ̀nyí náà mọ ohun tí ìtì jẹ́. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun Tápà lé ọ̀pọ̀ ará Àkókó gun òkè, títí Royal Niger Company fi ṣẹ́gun Bídà ní 1897. Àwọn tí èdè wọn kò dọ́gba di aládùúgbò. Èdè Àrìgìdì kì í ṣe ẹ̀ka-èdè Yorùbá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá ni gbogbo wa fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ lónìí.

Nígbà tí a bá ń jà nípa ilẹ̀ tàbí oyè, ìbéèrè wa ni pé: ta ni ó kọ́kọ́ dé? A ó sì tọ́ka sí ẹni tí ó jókòó lókè tàbí ẹni tí ó wà nísàlẹ̀. Òkè ti kọ́ wa pé ipò kì í ṣe ọjọ́ orí. Kí akọ̀tàn tó pín àgbà àti àbúrò, kí ó kọ́kọ́ wádìí ipá tí ó ti olúkúlùkù dé ibi tí ó wà.