Láti Inú Ìkòkò Aró dé Ara Ògiri

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ a máa gbó, ṣùgbọ́n ìtàn ara rẹ̀ ní í sọ àkísà di ohun iyì. Lóde òní, àwọn oníṣẹ́ ọnà kárí ayé ń fi òwú, okùn, ìko àti ègé aṣọ ṣe iṣẹ́ tí a kì í wọ̀, tí a ń gbé kọ́ sára ògiri ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí. Ọ̀pọ̀ ń pè é ní ohun tuntun. Bí a bá tọpa ìtàn rẹ̀, a ó rí i pé ohun èlò náà ti pẹ́ lọ́wọ́ wa. Orúkọ àwọn tí ó ń fi í ṣiṣẹ́ ni a kò tọ́jú.

Ní Yúróòpù, fún ìgbà pípẹ́, ayàwòrán ni ó ń gba ọlá. Iṣẹ́ ahunṣọ ni láti fi òwú tẹ̀lé àwòrán tí ẹlòmíràn ti yà. Ní ọdún 1962, a ṣí ìpàtẹ àgbáyé kan fún irú iṣẹ́ yìí ní ìlú Lausanne, ní ilẹ̀ Suwísì. Jean Lurçat, ọmọ ilẹ̀ Faransé, wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀. Magdalena Abakanowicz, obìnrin ará Pólándì, kópa níbẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó ń ṣa ògbólógbòó okùn ní èbúté, ó ń tú u, ó ń rẹ ẹ́ láró, ó sì ń hun ún di ohun ràgàjì tí ènìyàn lè rìn yí ká. Láti inú orúkọ tirẹ̀ ni a ti yọ orúkọ iṣẹ́ náà, Abakan.

Ẹ wá wo ti ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn obìnrin ni wọ́n ni iṣẹ́ àdìrẹ, Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn sì gbajúmọ̀ fún un. Nínú àdìrẹ oníko, ìko ni wọ́n fi ń di aṣọ. Nínú alábẹ́rẹ́, wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ rán an pọ̀. Nínú ẹlẹ́kọ, wọ́n ń fi ìyẹ́ adìẹ ya àwòrán pẹ̀lú ẹ̀kọ tí a fi láfún sè. Ibi tí ìdì, ojú abẹ́rẹ́ tàbí ẹ̀kọ bá dáàbò bò, aró kì í ràn án. Bí aṣọ bá ti inú ìkòkò aró jáde, àwọ̀ rẹ̀ a jọ ewé. Afẹ́fẹ́ ni í sọ ọ́ di búlúù. Wọn a tún rì í, wọn a tún sá a, títí yóò fi dúdú bí ó ti yẹ.

Àwọn àwòrán náà ní orúkọ. Olókun wà, Ìbàdàndùn wà, èyí tí òpó gbọ̀ngàn Màpó hàn nínú rẹ̀. Ní 1935, nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún 25 lórí oyè, àwọn aláró fi àwòrán ọba àti ayaba ṣe àdìrẹ. Ìwé ìtàn ni aṣọ náà jẹ́. Síbẹ̀, orúkọ àwòrán la mọ̀. Orúkọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn obìnrin tí ó yà á ti bá omi aró ṣàn lọ.

Àwọn kan ti yọ nínú ìgbàgbé yìí. Nike Davies-Okundaye, tí a bí ní Ògìdì ní 1951, kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ìyá-ńlá rẹ̀, ó sì gbé àdìrẹ dé òkè òkun. El Anatsui, ọmọ Gánà tí ó kọ́ni ní yunifásítì Nsukka, ń fi wáyà so ọmọrí ìgò ọtí pọ̀ títí yóò fi rọ̀ bí aṣọ. Wọ́n fi ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà dá a lọ́lá ní Venice ní 2015.

Àwa tí a wà ní Kétu, Ṣábẹ̀ àti Àjàṣẹ́ kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ wo ẹ̀kú Egúngún, bí ìdílé ṣe ń fi aṣọ tuntun lé ògbólógbòó. Aṣọ àtijọ́ kò kúrò níbẹ̀. Inú ni ó wà.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, akẹ́kọ̀ọ́ wa lè ka orúkọ Abakanowicz nínú ìwé. Orúkọ ìyá-ìyá rẹ̀ tí ó re aṣọ láró, inú ilé nìkan ni yóò ti gbọ́ ọ. Bí aṣọ bàbá tàbí ìyá bá wà nínú àpótí yín, ẹ béèrè ẹni tí ó hun ún, ẹni tí ó rẹ ẹ́ àti ìlú tí ó ti ṣe é, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè.