Lésà Kékeré: Ibi Tí Ó Ti Bá Iṣẹ́ Mu àti Ibi Tí Kò Ti Bá A Mu

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ ọdún 2012, ẹ̀rọ Curiosity tí àjọ NASA gbé sọ̀kalẹ̀ sórí Mars yin lésà sí òkúta kékeré kan tí wọ́n sọ ní Coronation. Ìgbà 30 ló yìn ín láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 10. Gbogbo ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ náà bá ti kọ mànà, ó ń sọ bíńtín lára òkúta di gáàsì tó gbóná débi pé ó ń tàn fúnra rẹ̀, awò inú ẹ̀rọ á gba ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún, àwọn onímọ̀ tó wà lórí ilẹ̀ ayé á sì wo àwọ̀ rẹ̀ láti mọ ohun tó wà nínú òkúta. ChemCam ni wọ́n ń pe apá ẹ̀rọ tó ṣe iṣẹ́ yìí. Los Alamos ní Amẹ́ríkà àti àwọn onímọ̀ ìlú Toulouse ní ilẹ̀ Faransé ló jọ ṣe é.

Àwọn tó ń kọ̀wé lórí lésà kékeré fẹ́ràn láti so irú ìwádìí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ yìí pọ̀ mọ́ fífín àmì sára irin àti ike, bí ẹni pé ẹ̀rọ kan náà ló yẹ kí ó ṣe méjèèjì. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹni tó ń ṣe lésà ń fi san owó kíkéré lésà náà ni òmìnira láti yí ìmọ́lẹ̀ náà padà bó ṣe wù ú. Ìwádìí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ lè wà láìsí òmìnira yẹn, kódà ó sàn fún un bí kò bá sí. Fífín àmì ní tirẹ̀ kò lè lọ jìnnà láìsí i. Bí a kò bá fi èyí sọ́kàn nígbà tí a bá ń ya àwòrán ẹ̀rọ, a ó ṣe ohun tó kéré lóòótọ́, tí kò sì ní wúlò fún ẹni tó rà á.

Inú ooru ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Theodore Maiman tan lésà àkọ́kọ́ ní Malibu ní California, ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 1960, ọ̀pá rúbì kan ni, iná fíláàṣì tí wọ́n lọ́ yí i ká ló sì ń bọ́ ọ. Ní 1964, Joseph Geusic àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bell Laboratories fi nẹodímíọ́mù sínú kírísítálì tí a ń pè ní YAG, wọ́n sì rí ìmọ́lẹ̀ 1,064 nánómítà gbà. Títí di òní, Nd:YAG yìí ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, iná fíláàṣì náà ló ń bọ́ òun pẹ̀lú, àwọ̀ gbogbo ni iná yẹn sì ń tàn, bẹ́ẹ̀ kírísítálì kì í mú ju díẹ̀ lọ nínú wọn. Kí wáàtì 10 ìmọ́lẹ̀ tó jáde, ẹ̀rọ lè jẹ wáàtì 500 iná mànàmáná, omi sì gbọ́dọ̀ máa ṣàn yí i ká. Ta ló fẹ́ gbé irú èyí lọ́wọ́ lọ sí oko ìwakùsà?

Díódì, ègé kékeré tó ń sọ iná mànàmáná di ìmọ́lẹ̀, ló tú lésà sílẹ̀ nínú wàhálà yìí. Ó ń tan ìmọ́lẹ̀ 808 nánómítà, tí Nd:YAG ń gbà mu bí omi. Ṣùgbọ́n ìṣirò kan wà tí ọgbọ́n kankan kò lè yẹ̀ sílẹ̀: ohun tó wọlé ní 808, tó jáde ní 1,064, ti sọ ìdá 24 nínú 100 agbára rẹ̀ nù sínú kírísítálì. Bí a bá fi díódì 885 nánómítà bọ́ ọ, àdánù náà á wá sí ìdá 17. Nínú kírísítálì tí kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ, ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Àárín rẹ̀ á gbóná ju etí rẹ̀ lọ, kírísítálì á di lẹ́ǹsì láìjẹ́ pé a fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ gba ibi tí a kò rán an.

Ooru kejì tún wà tí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ kì í mẹ́nu bà. Bí díódì bá fi òṣùwọ̀n Celsius 1 gbóná sí i, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á sún ní nǹkan bí nánómítà 0.3. Àyè tí Nd:YAG fi ń gba 808 dáadáa kò fẹ̀ ju nánómítà bíi 2 lọ. Ẹ wo ẹ̀rọ tí wọ́n tò ní yàrá tútù tó wà ní 25, tí a wá gbé dé Òkè-Ògùn lọ́sàn-án gangan nínú oṣù Kẹta, tí inú àpótí rẹ̀ gbóná dé 45. Ìmọ́lẹ̀ díódì náà á ti sún ní nánómítà 6, kírísítálì á sì máa wò ó kọjá. Oògùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò ni láti lẹ ẹ̀rọ amútutù oníná mọ́ ìdí díódì. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó lè jẹ bátìrì ju lésà fúnra rẹ̀ lọ, lójú tèmi sì rèé, ọ̀nà àbáyọ ẹni tó yára gba ẹ̀bi ni.

Àwọn tó ṣe ChemCam gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n fi YAG sílẹ̀, wọ́n mú kírísítálì mìíràn, Nd:KGW, tí àyè tó fi ń gba ìmọ́lẹ̀ díódì fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí díódì lè máa sún síwá sẹ́yìn láìsí wàhálà. KGW kì í tú ooru jáde dáadáa bíi YAG, nítorí náà kò lè máa kọ mànà léraléra fún ìgbà pípẹ́. Ta ni yóò sì bínú sí i? Òkúta Mars kò sá lọ síbì kankan. Ìmọ́lẹ̀ 1,067 nánómítà, mílíjúùlù 14 tó dé ojú òkúta láàárín nánósẹ́kọ́ńdì 5, ni iṣẹ́ náà béèrè, ìyẹn sì ni wọ́n fún un. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n lè fi sílẹ̀.

Ọ̀nà tó kéré jù lọ ni èyí tí John Zayhowski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní MIT Lincoln Laboratory là láti ìparí àwọn ọdún 1980 títí dé 1994. Wọ́n mú kírísítálì kejì, Cr⁴⁺:YAG, sáàárín dígí méjì tí ìmọ́lẹ̀ lésà ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wọn, láti máa dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà. Ó ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì títí agbára tó kó jọ nínú nẹodímíọ́mù á fi pọ̀ jù fún un. Nígbà náà ló máa mọ́ gaara lójijì, gbogbo ohun tó ti kó jọ á sì tú jáde lẹ́ẹ̀kan. Kò sí wáyà, kò sí iná alágbára gíga, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń tẹ̀. Bí YAG sì ṣe jẹ́ ara kírísítálì méjèèjì, a lè lẹ̀ wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan, ká fi dígí kun ojú rẹ̀ méjèèjì. Ṣíṣubú kò lè mú dígí yẹn yẹ̀, torí kò sí ìdè kankan tó lè tú.

Bí kírísítálì bá ṣe kúrú tó ni ìkọmànà rẹ̀ ṣe ń kúrú. Èyí tó gùn ní mílímítà 10, ìmọ́lẹ̀ ń lọ ó sì ń bọ̀ nínú rẹ̀ ní nǹkan bí nánósẹ́kọ́ńdì 0.12, nítorí náà ìkọmànà tí kò tó nánósẹ́kọ́ńdì 1 kò ṣòro fún un. Mílíjúùlù 1 péré nínú nánósẹ́kọ́ńdì 0.5 jẹ́ mílíọ̀nù wáàtì 2. Mílíjúùlù 14 ti ChemCam nínú nánósẹ́kọ́ńdì 5 jẹ́ mílíọ̀nù 2.8. Ẹ rí i pé ohun tó wọ àtẹ́lẹwọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti Mars dọ́gba lókè téńté.

Iye owó rẹ̀ nìyí: níwọ̀n ìgbà tí a bá ti lẹ̀ wọ́n pọ̀ tán, nínípọn kírísítálì àti dígí tí a yàn ti pinnu agbára ìkọmànà kọ̀ọ̀kan, ó di kádàrá. Bí a bá fi kún iná díódì, ìkọmànà á wá lemọ́lemọ́ sí i, agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ní pọ̀ sí i. Ìgbà tó bá kún ló sì máa ń tú jáde, àṣẹ wa kò ràn án.

Ẹni tó ń wádìí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ kì í rojọ́ nítorí èyí. Nígbà tí òkúta bá kọ́kọ́ di gáàsì, ìmọ́lẹ̀ funfun gbòǹgbò ló ń yọ, kò sì sí ohun tí a lè kà nínú rẹ̀. Ó tó bíi máíkírósẹ́kọ́ńdì kan kí àwọ̀ àwọn èròjà náà tó yanjú, ìgbà náà ni awò máa ń ṣí ojú rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ kékeré kan tó rí ìkọmànà gan-an ló ń sọ fún awò pé ó ti tó, nítorí náà kò sí ohun tó kàn án bóyá lésà yára tàbí ó pẹ́. Pé agbára kò yí padà tún jẹ́ èrè, nítorí ẹni tó fẹ́ mọ iye èròjà kò fẹ́ kí ìkọmànà kan lágbára ju èkejì lọ.

Ti fífín àmì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo àlùmọ́gàjí oníṣẹ́-abẹ tí a fi irin tí kì í dípẹtà ṣe. Nọ́ńbà dúdú wà lára rẹ̀. Bí a bá fi èékánná ra á, a kò ní mọ ibi tó bẹ̀rẹ̀, nítorí wọn kò gbẹ́ irin náà rárá. Wọ́n mú ojú rẹ̀ gbóná títí ọ́ksáìdì orí rẹ̀ fi nípọn tó sì dúdú. Bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ, ibẹ̀ ni ìpẹtà máa gbà wọlé nígbà tí wọ́n bá ń sè é láti pa kòkòrò. Ìkọmànà gígùn, tó ju nánósẹ́kọ́ńdì 100 lọ, tó ń tẹ̀ lé ara wọn pẹ́kípẹ́kí, ló ń ṣe irú àmì yìí. Ẹyọ kírísítálì wa tó ń tú jáde láàárín ìdajì nánósẹ́kọ́ńdì á wulẹ̀ dá ihò sí i. Bí ẹ̀rọ kan náà bá sì ṣe é tán, wọ́n lè gbé irin ẹ́ńjìnnì síwájú rẹ̀ kí ó fín nọ́ńbà tó jìn sínú rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ó wá ṣí ọ̀dà lójú bọ́tìnnì ọkọ̀.

Igun lẹ́tà tún wà. Dígí kéékèèké méjì tí mọ́tò ń yí ló ń darí ìmọ́lẹ̀. Pẹ̀lú lẹ́ǹsì mílímítà 160 àti ìmọ́lẹ̀ tó fẹ̀ ní mílímítà 10, tó mọ́ tó bó ṣe yẹ, àmì kan á fẹ̀ ní nǹkan bí máíkírómítà 28. Kí wọ́n lè fi ìdajì gun ara wọn ní ìkọmànà 20,000 nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan, dígí gbọ́dọ̀ máa mú ìmọ́lẹ̀ sáré ní sẹ̀ǹtímítà 28 nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nígbà tó bá dé igun lẹ́tà E, mọ́tò á falẹ̀ kó tó lè yí. Bí ìkọmànà kò bá falẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n á kó jọ síbẹ̀, igun á sì jó. Ẹni tó bá fi awò kékeré wo àmì tí wọn kò fín dáadáa á rí i: gbogbo igun jìn ju ara lẹ́tà lọ. Lésà tó ń tú jáde nígbà tó bá wù ú kò lè gbọ́ irú àṣẹ yìí. Ìdí nìyí tí lésà oníwáyà dígí, tí díódì kékeré kan ń ṣe ìkọmànà rẹ̀ bí a bá ṣe pàṣẹ, tí wáyà dígí náà sì ń fi agbára kún un, fi gba ọjà fífín irin. Kò kéré tó ẹyọ kírísítálì wa. Àǹfààní rẹ̀ wà nínú pé ó ń gbọ́ràn.

Àwọn kan á dá mi lóhùn pé lésà ẹlẹ́yọ kan ń fín ike, dígí àti kọ́pà dáadáa. Òótọ́ ni. Agbára rẹ̀ lókè téńté mú kó rọrùn láti sọ 1,064 di 532 tàbí 355 nánómítà pẹ̀lú kírísítálì kékeré, kọ́pà tó sì ń ta ìmọ́lẹ̀ 1,064 dànù fẹ́rẹ̀ẹ́ tán á gba 532 ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹ wo irú iṣẹ́ tó ti ń borí: ohun kan náà, àmì kan náà, láti òwúrọ̀ di alẹ́. Iṣẹ́ tí kò béèrè òmìnira ni.

Ọ̀rọ̀ ojú kò ṣe é fò. Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ènìyàn kò lè rí 1,064 nánómítà, síbẹ̀ lẹ́ǹsì ojú wa ń kó o jọ sẹ́yìn ẹyinjú, ìdá bíńtín nínú mílíjúùlù kan sì ti tó láti ba ojú jẹ́ títí láé. Imú ẹ̀rọ tó ń kọ̀ láti yìn bí kò bá ti kan òkúta gbọ́dọ̀ wà nínú àwòrán láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ibi tí lésà kékeré ti lè wúlò nílé wa gan-an ni líthíọ́mù, tí wọ́n ń wà ní agbègbè Komu ní Òkè-Ògùn, ní Nasarawa àti ní Kwara. Ẹ̀rọ X-ray alágbèéká tí àwọn tó ń ra òkúta ń lò kò lè rí i, torí èròjà náà fúyẹ́ jù. Lábẹ́ lésà, líthíọ́mù á yọ pupa ní 670.8 nánómítà, kò sì sí iyèméjì nínú rẹ̀. Ohun tó ṣòro ni pé ojú tí lésà fi kan òkúta kò ju máíkírómítà 50 lọ, nígbà tí kírísítálì spodumene, tí líthíọ́mù wà nínú rẹ̀, nínú òkúta pẹ́gímátáìtì lè gùn tó ìka tàbí tó apá. Ìkọmànà kan kò sọ ju ohun tó wà lójú kan ṣoṣo lọ, feldspar funfun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì lè jọ ọ́ lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí n yan láàárín mílíjúùlù 5 ní ìgbà 10 nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan àti mílíjúùlù 1 ní ìgbà 100, èkejì ni n ó mú, kí ẹni tó dì í mú lè máa fà á lórí òkúta tí a ti lọ̀. Wáàtì 0.1 ìmọ́lẹ̀ nìyẹn. Bí lésà bá ń sọ ìdá 10 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ díódì di tirẹ̀, tí díódì náà sì ń sọ ìdajì iná tó gbà di ìmọ́lẹ̀, wáàtì 2 ni bátìrì gbọ́dọ̀ máa pèsè, wáàtì 1.9 nínú rẹ̀ á sì di ooru tí irin ìdí ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ gbé jáde láìsí fáànù.