Ọjọ́ Tí Wọ́n Yọ Pluto Lóyè

Ó ti pẹ́ tí àwọn baba wa ti mọ Àgùàlà. Wọ́n rí i pé ó máa ń bá òṣùpá rìn, àwọn kan sì ń pè é ní ajá oṣù. Ṣùgbọ́n Àgùàlà kì í ṣe ajá òṣùpá, kì í sì í ṣe ìràwọ̀. Pílánẹ́ẹ̀tì ni, bíi ilé ayé wa: oòrùn ló ń yí po, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló sì ń tàn lára rẹ̀. Orúkọ tí a fún nǹkan lè yí padà, kí nǹkan náà má yí padà. Ìtàn Pluto ló jẹ́ kí èyí yé mi.

Ní ọdún 1930, Clyde Tombaugh, ọmọ àgbẹ̀ tó jẹ́ ẹni ọdún 24, ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwoìràwọ̀ Lowell ní ìpínlẹ̀ Arizona, ní Amẹ́ríkà. Ó máa ń fi fọ́tò méjì tí wọ́n yà ní ibì kan náà lójú ọ̀run, ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wéra. Ìràwọ̀ kì í sún nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n pílánẹ́ẹ̀tì máa ń sún. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì, ó rí àmì kékeré kan tó ti sún.

Ta ló sọ ọ́ lórúkọ? Venetia Burney ni, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 11 ní ìlú Oxford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nídìí oúnjẹ àárọ̀ ni bàbá àgbà rẹ̀ ti ka ìròyìn náà. Ọmọ náà dábàá Pluto, orúkọ òrìṣà tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ gbà pé ó ń jọba lórí àwọn òkú. Bàbá àgbà kò ní kó dákẹ́. Ó sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n kan, onítọ̀hún sì tẹ wáyà sí Amẹ́ríkà. Wọ́n gbà á. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Fún ọdún 76, pílánẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2005, àwọn onímọ̀ kéde Eris, tí títóbi rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti Pluto. Bí Pluto bá jẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì, kí ni ká pe Eris? Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 2006, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé dìbò ní ìlú Prague. Wọ́n ní pílánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ máa yí oòrùn po. Ó gbọ́dọ̀ tóbi débi tí yóò fi rí róbótó. Ó sì gbọ́dọ̀ ti gba ojú ọ̀nà rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn nǹkan mìíràn. Pluto yege nínú méjì àkọ́kọ́, ó kùnà nínú ìkẹta. Ó di pílánẹ́ẹ̀tì aràrá.

Ọ̀rọ̀ yìí dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nílé wa. Mẹ́sàn-án ni bàbá mi kọ́. Mẹ́jọ ló wà nínú ìwé àbúrò mi. Àbúrò mi ní àwọn olùkọ́ Bàbá purọ́ fún wọn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Òpùrọ́ ni ẹni tó mọ òótọ́ tó sì sọ òmíràn. Ohun tí àwọn olùkọ́ náà mọ̀ nígbà yẹn ni wọ́n fi kọ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbọ́ tuntun, tó ṣì di àtijọ́ mú nítorí pé òun ló kọ́kọ́ kọ́, kò ṣe ìmọ̀ lóore.

Ọ̀pọ̀ wa ló ń lo ìwé tí ẹ̀gbọ́n wa ti lò. Ẹ jẹ́ ká máa wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ wa, bí ọmọdé bá béèrè ìdí tí iye náà fi yàtọ̀, ẹ má ṣe pè é ní aláfojúdi.

Ní ti Pluto, kò mọ̀ pé wọ́n yọ òun lóyè. Nǹkan bí ọdún 248 ló fi ń yí oòrùn po lẹ́ẹ̀kan. Láti ìgbà tí Tombaugh ti rí i, kò tíì yí i po tán.