Ta Ló Ni Ilé Tí Iwin Ń Gbé?

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa kan, arákùnrin kan ka ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn tó ń kọ fún wa. Ìtàn àdììtú ni, fún àwọn ọmọ JSS. Ilé àtijọ́ kan wà níbẹ̀, yàrá kan wà nínú ilé náà tí wọn kì í ṣí, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 13 kan sì ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lókè àjà lóru. Ó dùn, ká má parọ́. Àwọn kan ti ń dira wọn mú. Ìgbà tó kà á tán ni ẹnì kan béèrè láti ẹ̀yìn pé, "Iwin yìí, kí ló ń wá gan-an?" Arákùnrin wa ò mọ̀. Ó ní iwin ṣáà ni, ó ń dẹ́rù bà wọ́n ni. Ẹ̀rín pa wá.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Mo padà sídìí àwọn ìwé tí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, àwọn tí òyìnbó ń pè ní Gothic: ilé olódi, àbẹ́là tó kú lójijì, ọmọ òrukàn nínú yàrá tútù. Ohun tí mo bá níbẹ̀ yà mí lẹ́nu. Ẹ gbọn òkùnkùn àti òwú aláǹtakùn inú àwọn ilé wọ̀nyẹn dànù, ìwé ogún lẹ máa bá nísàlẹ̀. Ẹnì kan ti gba ilé onílé, tàbí ó ń wá bó ṣe máa gbà á.

Oṣù Kejìlá ọdún 1764 ni Horace Walpole, tó jẹ́ ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé The Castle of Otranto jáde. Kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Irọ́ ló pa, ó ní ìwé àtijọ́ kan láti Ítálì ni, pé ẹnì kan tó ń jẹ́ William Marshal ló túmọ̀ rẹ̀. Ìgbà tí àwọn èèyàn gba tìwé náà ló tó jẹ́wọ́, ìtẹ̀jáde kejì ní 1765 ló sì kọ́kọ́ lẹ ọ̀rọ̀ náà "Gothic" mọ́ àkọlé. Ohun tí gbogbo èèyàn máa ń rántí nínú rẹ̀ ni àṣíborí ogun kan, ràgàjì, tó já lulẹ̀ tó sì tẹ ọmọkùnrin Manfred, olórí Otranto, pa lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Ọmọ ọdún 15 ni ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ ka ìparí ìwé náà. Bàbá bàbá Manfred, ìránṣẹ́ ilé ni. Májèlé ló fi pa ọ̀gá rẹ̀, ó wá gbé ayédèrú ìwé ìhágún jáde pé òun ni ọ̀gá òun fi gbogbo nǹkan sílẹ̀ fún. Ayédèrú wíìlì! Ìwé Gothic àkọ́kọ́ nìyẹn o. Iwin tó ń wó ilé mọ́ wọn lórí yẹn, onílé gan-an ni. Ó wá gba nǹkan rẹ̀ ni.

Kí ló dé tó jẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni irú ìtàn yìí ti rúwé tó bẹ́ẹ̀? Àwọn iwin tiwa, inú igbó ni wọ́n ń gbé, ẹ bi Fágúnwà léèrè, ọdún 1938 ló ti mú wa wọ ibẹ̀. Iwin tiwọn, inú ilé ni. Èmi rò pé òfin ogún wọn wà lára ohun tó fà á. Lọ́dọ̀ tiwa, bí bàbá bá kú, ìdí-igi la fi ń pín in, ìyẹn ni pé a ó fi iye ìyàwó pín in, tàbí kó jẹ́ orí-ojorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú tirẹ̀. Mi ò sọ pé kì í dìjà. Ẹ̀yin náà ti rí i níbi tí àga ti ń fò nínú ìpàdé ẹbí. Ṣùgbọ́n níbi tí ọmọ pọ̀ sí, ẹni tó bá mú ọ̀kan kúrò lọ́nà, àwọn yòókù ṣì ń bẹ nílẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹni tó ni ilẹ̀ bá kú láìṣe ìwé ìhágún, àkọ́bí ọkùnrin ló ń kó gbogbo ilẹ̀. Ọdún 1925 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe òfin tó fòpin sí èyí. Àwọn tó ń ṣe ìwé ìhágún pàápàá, wọ́n fẹ́ kí ilé ńlá wà lódindi lọ́wọ́ ẹnì kan. Nítorí náà ẹ̀mí kan péré ló lè wà láàárín àbúrò bàbá àti gbogbo ọrọ̀ ìdílé. Ẹ fi èyí kún un: ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 21, ọmọdé ni lójú òfin (1970 ni wọ́n tó sọ ọ́ di 18), alágbàtọ́ ló ń ṣe é bó ṣe wù ú. Ọmọbìnrin tó bá sì lọ́kọ, ọwọ́ ọkọ ni nǹkan ìní rẹ̀ bọ́ sí, àfi bí wọ́n bá ti fi ìwé àdéhùn dè é sílẹ̀. Òfin 1882 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a padà fún un.

Ẹ wá wo Ann Radcliffe báyìí. Ní 1794 ló kọ The Mysteries of Udolpho, pọ́n-ùn 500 ni wọ́n san fún un, owó gidi nígbà yẹn. Ìwé náà gùn, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé e sílẹ̀ kí n tó kà á parí. Emily, ọmọ òrukàn, wà nínú ilé olódi Montoni, ọkọ àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, lórí òkè ní Ítálì. Orin ń dún lóru, aṣọ dúdú kan bo nǹkan kan lára ògiri, Emily ṣí i wò, ó dákú. Gbogbo iwin inú ìwé yìí ni Radcliffe tú àṣírí rẹ̀ nígbẹ̀yìn: ère ìda ló wà lábẹ́ aṣọ yẹn. Ohun tí kì í ṣe ère ni Montoni. Ó ní kí ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ síwèé kó yọ̀ǹda ilẹ̀ rẹ̀ fún òun, obìnrin náà kọ̀, ó tì í mọ́lé títí ó fi kú. Ó tún kọjú sí Emily. Ó ní tó bá sáìnì, òun á jẹ́ kó máa lọ. Emily sáìnì. Kò jẹ́ kó lọ.

Jane Austen fi irú ìwé yìí ṣe yẹ̀yẹ́ nínú Northanger Abbey, tó jáde ní ìparí ọdún 1817 lẹ́yìn tó ti kú. Catherine, ọmọ ọdún 17, ti ka Udolpho yó. Ó dé ilé àtijọ́ kan, ó rí ìwé tí wọ́n ká sínú kọ́bọ́ọ̀dù lóru, àyà rẹ̀ ń lù kìkì, ilẹ̀ mọ́, ó kà á: owó aṣọ tí wọ́n fọ̀! Ó tún rò pé bàbá onílé ló pa ìyàwó rẹ̀. Kò pa á. Àwọn olùkọ́ máa ń fi ìwé yìí kọ́ wa pé ká má gba Gothic gbọ́. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Kí ni bàbá yẹn ṣe nígbẹ̀yìn? Ó ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ pé Catherine máa jogún owó, ìdí nìyẹn tó fi ń kẹ́ ẹ. Ọjọ́ tó gbọ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ó lé e jáde, ó ní kó dá rin ìrìn àádọ́rin máìlì padà sílé. Ohun tí Catherine ń fura sí gan-an ni kò rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìfura rẹ̀ ò ṣìnà púpọ̀.

Láti ibẹ̀ lọ, ìwé wá di ohun tí ọ̀rọ̀ ń yí ká. Nínú Jane Eyre (1847), obìnrin wèrè òkè àjà ni gbogbo èèyàn mọ̀. Wọ́n máa ń gbàgbé lẹ́tà tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n ìyá Jane fi pamọ́ fún ọdún mẹ́ta, tó sì kọ̀wé sí àbúrò bàbá ọmọ náà pé ọmọ ti kú. Ìgbà tí ogún náà wá dé ọwọ́ Jane, pọ́n-ùn 20,000, ó pín in sọ́nà mẹ́rin dọ́gbadọ́gba pẹ̀lú àwọn ìbátan rẹ̀ mẹ́ta. Orí-ojorí nìyẹn, àbí kí ni?

Wilkie Collins ló wá kọ ibi tó mú mi jù. Láti 1859 sí 1860 ni The Woman in White ń jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Charles Dickens. Sir Percival gbé ìwé kan wá fún Laura, ìyàwó rẹ̀. Ó ti ká a pọ̀, ibi tí èèyàn máa fọwọ́ sí nìkan ló hàn. Laura béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ bínú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi díẹ̀. Mo wà ní SS1 nígbà tí bàbá mi kú. Kò tíì pé ogójì ọjọ́ tí ẹbí wa kan fi gbé ìwé wá bá ìyá mi ní pálọ̀, wọ́n ká a bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Wọ́n ní, "Ìyàwó wa, ibi tẹ́ ẹ máa sáìnì sí nìyí." Ìyá mi kúnlẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ ṣeun sà, Bàbá wa. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí kà á sí mi létí." Wọ́n ní kò sí nǹkan tí èèyàn ń kà níbẹ̀. Ìyá mi ní, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ká rán an lọ sílé ìwé, sà." Wọ́n kó ìwé wọn, wọ́n lọ. Títí di òní a ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, wọ́n ti múná lọ, mo ń fi tọ́ọ̀ṣì ka Collins, mo dé ibẹ̀ yẹn, mo ní láti gbé ìwé sílẹ̀ kí n jáde síta.

Uncle Silas ni mo kà tẹ̀ lé e. Sheridan Le Fanu, ará Dublin, ló kọ ọ́ ní 1864, inú Dublin University Magazine, tí òun fúnra rẹ̀ ni nígbà náà, ló ti kọ́kọ́ jáde. Ọmọ ọdún 17 ni Maud, bàbá rẹ̀ lówó. Bàbá yìí ní àbúrò kan, Silas. Ọkùnrin kan tí Silas jẹ lówó tẹ́tẹ́ ti kú nínú ilé rẹ̀ rí, nínú yàrá tí wọ́n tì láti inú, gbogbo ìlú sì ń fura. Bàbá Maud fẹ́ fọ orúkọ ìdílé mọ́. Ẹ wo ohun tó ṣe: ó kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún pé kí Silas jẹ́ alágbàtọ́ Maud títí á fi pé 21, àti pé bí Maud bá kú ṣáájú ìgbà yẹn, Silas ni kó jogún gbogbo rẹ̀. Ó rò pé tí ọmọ òun bá là á já, aráyé á mọ̀ pé èèyàn rere ni àbúrò òun. Ó fi ọmọ ṣe ẹ̀rí! Àwọn tó mọ Silas bẹ Maud pé kó má lọ. Ó lọ, nítorí ìfẹ́ bàbá rẹ̀. Silas kọ́kọ́ ní kí ọmọkùnrin òun fẹ́ ẹ. Ó wá hàn pé ọmọ náà ti níyàwó níkọ̀kọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú un wọ yàrá tí ọjọ́sí yẹn. Mi ò ní sọ bí ẹni tó fẹ́ pa á ṣe gba ojú fèrèsé wọlé, ẹ lọ kà á. Kò sí iwin kankan nínú ìwé náà, síbẹ̀ òun ló bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo wọn.

Kò sí èyí tí wọ́n kọ fún ọmọdé nínú wọn. Èyí tí wọ́n dìídì kọ fún ọmọdé tí mo fẹ́ràn jù ni The Wolves of Willoughby Chase, 1962. Joan Aiken ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ tó kú ní 1955. Ó gbé e sílẹ̀ fún ọdún díẹ̀, ọmọ méjì ló fẹ́ bọ́. Nínú ìwé náà, àwọn òbí Bonnie rìnrìn àjò orí omi, wọ́n fi òun àti Sylvia ìbátan rẹ̀ sọ́wọ́ olùkọ́ obìnrin kan, Miss Slighcarp. Ìkookò ń hu lẹ́yìn ògiri nínú yìnyín, ṣùgbọ́n ìkookò gidi wà nínú ilé. Àwọn ọmọ náà rí ọ̀nà kọ̀rọ̀ kan, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ́ wo obìnrin náà bó ṣe ń tú ìwé bàbá Bonnie wò. Wọn ò lè pẹjọ́, ta ló máa gbọ́ ti ọmọdé? Wọ́n rán wọn lọ sí ilé àwọn ọmọ òrukàn níbi tí wọ́n ti ń fọṣọ bí ẹrú. Wọ́n sá, wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ọmọkùnrin kan tó ń sin pẹ́pẹ́yẹ ńlá.

Ní 1999 ni Lemony Snicket, ìyẹn Daniel Handler ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ àwọn ìwé 13 tó parí ní 2006. Ọmọ ọdún 14 ni Violet nínú ti àkọ́kọ́. Iná ti jó ilé àti òbí wọn, owó wà ní báńkì, Count Olaf alágbàtọ́ wọn sì ń wá bó ṣe máa kó o. Ó ṣètò eré orí ìtàgé kan tí òun àti Violet á ti ṣègbéyàwó, adájọ́ gidi ni yóò so wọ́n pọ̀, ìwé tí Violet máa sáìnì sì jẹ́ ìwé gidi. Àbúrò rẹ̀, Klaus, ọmọ ọdún 12, fi gbogbo òru ka ìwé òfin. Òfin ní kí ìyàwó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀. Violet, tó jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń kọ̀wé, fi ọwọ́ òsì sáìnì lójú gbogbo èèyàn. Adájọ́ ní ìgbéyàwó náà ò dúró. Láti Emily tó sáìnì tí wọ́n sì rẹ́ ẹ jẹ ní 1794 títí dé ọwọ́ òsì Violet, ọdún 205 ni.

Nítorí náà, arákùnrin wa, inú mi á dùn bí mo bá gbọ́ apá kejì ìtàn rẹ ní ìpàdé tó ń bọ̀. Má yọ ẹsẹ̀ òkè àjà kúrò, ó dùn. Èyí tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ìwé ilé yẹn, ọwọ́ ta ló wà, orúkọ ta ló sì wà nínú rẹ̀?