Igba Ojú Tí Ń Wo Ọmọ

"Ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó." Ojú mẹ́rin inú òwe yìí kò fara sin: méjì jẹ́ ti bàbá, méjì jẹ́ ti ìyá. Igba ojú ló gba àlàyé. Ta ló ni wọ́n, kí ló sì kó wọn jọ sọ́dọ̀ ọmọ?

Láyé àtijọ́, agbo ilé ló kó wọn jọ. Ìyá ọkọ tàbí ìyálé ló ń wẹ ọmọ tuntun, kí abiyamọ lè ráyè mu ẹ̀kọ gbígbóná, kó sì sùn díẹ̀. Lọ́jọ́ ìkómọ, ẹbí tó bá fi owó sílẹ̀ a sọ ọmọ lórúkọ, ẹni tó bá sì ti sọmọ lórúkọ kò tún lè ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Lálẹ́, ìyá àgbà a kó àwọn ọmọ jọ sábẹ́ òṣùpá, a pàlọ́ fún wọn. A máa ń yin àlọ́ nítorí ẹ̀kọ́ inú rẹ̀. A kì í sábà rántí pé àkókò tí ọmọ fi ń gbọ́ ìtàn Ìjàpá ni ìyá rẹ̀ fi ń fẹ̀yìn lélẹ̀. Irú ìpéjọ báyìí, tó ń wáyé léraléra, ló ń sọ aládùúgbò di alágbàtọ́. Inúure nìkan kò tó o.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi tí igba ojú kò ti sí. Láti bí ọdún 1950 síwájú, ọ̀pọ̀ Yorùbá lọ kàwé ní Ìlú Ọba. Tọkọtaya ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń kàwé, nígbà púpọ̀ inú yàrá kan ni wọ́n ń gbé. Kò sí ìyálé, kò sí ìyá àgbà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sanwó fún ìdílé òyìnbó kí wọ́n bá wọn tọ́mọ. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni òṣèré Adewale Akinnuoye-Agbaje, tí wọ́n bí lọ́dún 1967, nígbà tí wọ́n gbé e fún ìdílé kan ní ìlú Tilbury lọ́hùn-ún. Fíìmù rẹ̀, Farming, tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn ní 2018, sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. A kò lè torí èyí sọ pé irú àwọn òbí bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ràn ọmọ. Ojú mẹ́rin péré ni wọ́n ní, ìwé àti iṣẹ́ sì ti gba gbogbo rẹ̀.

Lónìí, a kò ní láti wọkọ̀ òfuurufú kí a tó bá ara wa nínú irú ìdánìkanwà bẹ́ẹ̀. Ní Èkó tàbí Ìbàdàn, fẹ́ǹsì ga, géètì tì, bàbá ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Lọ́dún 2014, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fún obìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba ní ìsinmi oṣù mẹ́fà lórí ìbí ọmọ méjì àkọ́kọ́, ó sì fún bàbá ní ọjọ́ mẹ́wàá. Ó dára. Ṣùgbọ́n ìsinmi ń fún ni láyè ni, kò fún ni léèyàn. Obìnrin ọlọ́jà kò tilẹ̀ ní irú ìsinmi bẹ́ẹ̀. Àárẹ̀ ọkàn a sì máa bá abiyamọ. Èyí tó le jù nínú rẹ̀ ni abísínwín. Ilé ìwòsàn la ń gbé abiyamọ tó bá ṣe lọ, àmọ́ ẹnìkan ní láti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí. Ẹni tó rí i lánàá ló lè mọ̀ pé ìṣe rẹ̀ yàtọ̀ lónìí.

Ibi tí ètò àdúgbò ti wúlò nìyí: eré ọmọdé lọ́sàn-án Sátidé, ilé kéú ìrọ̀lẹ́, gbígbá àdúgbò, ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára tí àwọn abiyamọ ń jókòó pọ̀ lórí bẹ́ńṣì kan náà. Bí òbí mẹ́ta bá jókòó ti àwọn ọmọ tó ń ta ayò, tó ń ṣe bojúbojú, ìyá kẹrin á ráyè fọṣọ tàbí kó sùn. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun náà á jókòó. Àáró ni, bí àgbẹ̀ ti ń ṣe é lóko. Àáró sì ń ṣe ju ìrànlọ́wọ́ lọ fún òbí tí ọwọ́ rẹ̀ kún: ó ń gbà á lọ́wọ́ ìtìjú. Kò tọrọ, ó kàn án ni.

Ẹlòmíràn á ní ayé ti dorí kodò, ta lèèyàn ń fi ọmọ lé lọ́wọ́? Ìbẹ̀rù náà tọ́, òwe wa sì ti dá a lóhùn. Kò ní kí a fi ọmọ sílẹ̀ fún ojú méjì mìíràn nínú yàrá títì. Igba ló wí, ní gbangba, níbi tí ojú kan ti ń ṣọ́ èkejì.

Òwe kejì ti èyí lẹ́yìn: àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé abiyamọ inú rẹ̀ kò ké pe àgbà kankan. Ẹni tí ìtọ́jú ọmọ ti wọ̀ lọ́rùn jù ni kì í sábà lè wá sípàdé. Nítorí náà, kí àdúgbò má kàn ka iye àwọn tó wá. Kí wọ́n rán ẹnìkan lọ kan ilẹ̀kùn ẹni tí kò wá, kó bá a pọn ọmọ, kí wọ́n jọ máa bọ̀.