Ọ̀rọ̀ “Chop” àti Jíjẹ nínú Èdè Wa

Bí ènìyàn bá dúró fún wákàtí kan ní Aládé, ní ẹsẹ̀ òkè Ìdànrè, ní àkókò tí àwọn àgbẹ̀ ń kó kòkó gbígbẹ wá sórí ìwọ̀n, kò ní ṣàì gbọ́ ọ̀rọ̀ Òyìnbó kúkúrú kan lẹ́nu oríṣiríṣi ènìyàn. Awakọ̀ tí ó ń lọ sí Àkúrẹ́ yóò ní kí èrò dúró, òun fẹ́ “chop” ná. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọjà rẹ̀ tà yóò ní òun ti “chop”. Bí ọ̀rọ̀ bá sì kan owó ìlú tí a kò rí iṣẹ́ tí a fi ṣe, wọn a ní àwọn òṣèlú ti “chop” rẹ̀. Báwo ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe ru ẹrù tí ó pọ̀ tó báyìí?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fífi àáké ṣá igi ni “chop”. Ègé ẹran tí ó ní egungun nínú náà ni. Bí wọ́n bá sì wí níbẹ̀ pé ẹnìkan gba “chop”, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ní ilẹ̀ Íńdíà àti ní èbúté ilẹ̀ Ṣáínà, òǹtẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà dúró fún. Yule àti Burnell, tí wọ́n tẹ ìwé atúmọ̀ wọn jáde ní 1886, fi hàn pé láti inú èdè Híńdì ni èyí ti wá. “Chop-chop”, tí í ṣe kíákíá, tún jẹ́ ti àwọn èbúté Ṣáínà kan náà. Nítorí náà, kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn. Ohùn wọn ni ó papọ̀.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, oúnjẹ ni ó gba ipò iwájú. Àwọn Òyìnbó a máa pe ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àgbọ̀n ní “chops”, ó sì jọ pé láti ibẹ̀ ni ìtumọ̀ yìí ti ṣẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ó ti dé ọ̀dọ̀ wa. Antera Duke, aṣáájú oníṣòwò Èfíìkì kan ní Kàlàbá, tí ó ń bá àwọn ọkọ̀ Òyìnbó ṣòwò ẹrú, kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́ láti 1785 dé 1788. Nínú ìwé náà, tí Daryll Forde tẹ̀ jáde ní 1956, jíjẹun ni “chop”. Ní ilẹ̀ Gánà lónìí, “chop bar” ni ilé olóúnjẹ, “chop money” sì ni owó oúnjẹ tí ọkọ ń fún aya.

Ṣùgbọ́n níbo ni èrè, oyè àti owó ìlú ti wọ inú ọ̀rọ̀ oúnjẹ? Èmi kò rò pé ọwọ́ Òyìnbó ni a ti rí i. Yorùbá ń jẹun, ó ń jẹ èrè, ó ń jẹ ogún, ó ń jẹ oyè, ó sì ń jẹ ayò. Haúsá ń wí pé “cin hanci”, èyí tí í ṣe jíjẹ imú, fún gbígba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Igbó ń wí pé “iri uru” fún jíjẹ èrè. Ẹ̀wù Òyìnbó ni “chop” wọ̀. Ara tí ó wà nínú ẹ̀wù náà, tiwa ni.

Àwọn kan ti gbá èyí mú láti fi dá èdè wa lẹ́jọ́. Wọ́n ní nígbà tí Yorùbá ti ń sọ pé a ń jẹ oyè, kò yani lẹ́nu bí olóyè bá ń jẹ owó ìlú. Ẹ̀sùn ńlá ni èyí, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn. Ẹni tí ó jẹ èrè lè jẹ gbèsè pẹ̀lú. A ń jẹ ìyà. Ẹni tí ẹjọ́ dá láre jàre, ẹni tí ó dá lẹ́bi jẹ̀bi. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, jíjẹ ni kí ohun kan wọ inú ẹni, kí ó di ara ẹni, tí a kò fi ní lè bọ́ ọ sílẹ̀ bí aṣọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó jẹ Ọwá ní Ìdànrè ṣe gba oyè náà sára, pẹ̀lú ọlá rẹ̀ àti ẹrù rẹ̀. Píjìn pàápàá kò gbàgbé ìhà kejì yìí, nítorí ẹni tí a gbá létí níbẹ̀ ti “chop slap”.

Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà, òun ni ó sì yẹ kí olùkọ́ kíyèsí. “Jẹ” ti Yorùbá kì í sábà dá dúró. Jíjẹun gan-an, “jẹ ohun” ni. A gbọ́dọ̀ dárúkọ ohun tí a jẹ. Ṣùgbọ́n “chop” lè dá dúró: “wọ́n ń chop”, ọ̀rọ̀ parí, gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó bọ́ sọ́nà ọ̀fun. Ibi tí olè ń fara pamọ́ sí nìyẹn. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wí ní kíláàsì pé àwọn aláṣẹ ń “chop”, ẹ má ṣe nà án nítorí Òyìnbó ààbọ̀. Ẹ bi í ní èdè baba rẹ̀ pé: kí ni wọ́n jẹ, ti ta sì ni?