Ìpinnu Ìkẹyìn Lórí Ajá Tí Ó Ti Darúgbó

Ọ̀pọ̀ ajá ilé ni í lo nǹkan bí ọdún 10 sí 13 láyé, àwọn tí ara wọn tóbi kì í sì í sábà pẹ́ tó àwọn kéékèèké. Bí ogbó bá dé, ojú ajá lè máa ṣe bàìbàì, oríkèé lè máa ro ó, oorun rẹ̀ á sì pọ̀ sí i. Ogbó nìkan kì í ṣe ìdí láti gba ẹ̀mí rẹ̀, nítorí oògùn wà tí ó ń dẹ ìrora. Àmọ́, ẹ má ṣe fún un ní oògùn ìrora ti ènìyàn: òmíràn nínú wọn jẹ́ májèlé fún ajá.

Ìgbà wo ni ó tó àkókò?

A rọ̀ yín kí ẹ kíyè sí ohun mẹ́rin: oúnjẹ àti omi rẹ̀, bí ó ṣe ń dìde, bí ó ṣe ń mí, àti bí ó ṣe ń dá ará ilé mọ̀. Ẹ máa sàmì sí kàlẹ́ńdà lójoojúmọ́. Bí ọjọ́ ìyà bá ti ń pọ̀ ju ọjọ́ ìtura lọ, ẹ má ṣe fi ìfẹ́ dá a dúró sínú ìrora. Ẹ pe dókítà ẹranko.

Iṣẹ́ dókítà

Dókítà yóò kọ́kọ́ wò ó bóyá ìtọ́jú ṣì lè ràn án lọ́wọ́. Bí kò bá sí ìrètí, yóò gún un ní abẹ́rẹ́ tí yóò mú un sùn wọra, lẹ́yìn náà ni ọkàn rẹ̀ yóò dúró láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ lè dúró tì í. Ẹ béèrè iye owó ṣáájú.

Ohun tí kò yẹ

Ẹ má ṣe lo ọta-pia-pia tàbí májèlé mìíràn. Ikú oró ni, ó sì lè ṣèèṣì pa ọmọdé. Ẹ má ṣe já a sílẹ̀ sí ìgboro, ẹ má sì tà á fún alápatà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ ẹran ajá tí a gún ní abẹ́rẹ́ yìí, nítorí oògùn náà kì í kúrò nínú rẹ̀. Ẹ sin ín sínú kòtò tó jìn, kí ó jìnnà sí kànga.

Bí ajá náà bá ti bu ènìyàn jẹ láìpẹ́, ẹ sọ fún dókítà ẹranko kí ó tó gún un, nítorí àrùn dìgbòlugi. Kí ẹni tí ó bù jẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́gán.

Ẹ sọ òtítọ́ fún àwọn ọmọ ilé. Ajá tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣọ́ yín lóru tọ́ sí ikú wọ́ọ́rọ́wọ́.